Wọ́n ti yọ kókó ọyàn, kí ló kàn? Ìtọ́sọ́nà sí ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn

Wọ́n ti yọ kókó náà. Ojú ọgbẹ́ ti ń jinná, wọn ò ní pẹ́ yọ rọ́bà tí ń fa omi kúrò lábẹ́ abíyá, àwọn ará ilé sì ń kí yín kú ewu. Ẹ̀yin náà rò pé ó ti tán. Ẹ wá dé iwájú dókítà, ó ní kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) ló kàn, tàbí ìtànṣán (iná ẹ̀rọ tí wọ́n ń tan sí ojú ibi tí jẹjẹrẹ wà láti pa á), tàbí oògùn oníhóró tí ẹ ó máa lò fún ọdún márùn-ún. Ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ènìyàn ni pé: ṣé ẹ ò yọ ọ́ tán ni?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì tó ni oníṣẹ́ abẹ lè gé. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kéré gan-an. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá ti gba inú ẹ̀jẹ̀ sá lọ kí wọ́n tó gé kókó náà, kò sí fọ́tò tàbí ẹ̀rọ tó máa rí i. Àwọn ìsáǹsá yẹn ni ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ń lépa. Wọ́n lè wà, wọ́n sì lè má sí, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń wo àwọn àmì kan láti mọ bí ewu náà ṣe pọ̀ tó.

Inú ìwé kan ni àwọn àmì náà wà. Ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mò ń tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, tèmi tìwé tí mo ń kọ nǹkan sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kì í sọnù sáàárín àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò máa fi tirẹ̀ wé ti ẹlòmíràn tó jókòó tì í, tí ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò, kí ẹ sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Gbogbo ẹran ara tí wọ́n gé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Àbájáde rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù yín. Kò pọn dandan kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yé yín. Ẹ wá nǹkan márùn-ún yìí jáde.

Àkọ́kọ́ ni bí kókó náà ṣe tóbi tó. Sẹ̀ǹtímítà tàbí mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Èyí tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ ni wọ́n ń kà sí kékeré. Èyí tó ju márùn-ún lọ ni wọ́n ń kà sí ńlá.

Ìkejì ni àwọn kókó kéékèèké inú abíyá, tí àwọn dókítà ń pè ní lymph node. Ẹ lè rí nǹkan bíi 2/14 nínú ìwé yín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n yọ mẹ́rìnlá, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ nínú méjì. Bí ó bá jẹ́ 0/3, mẹ́ta ni wọ́n yọ, wọn ò sì bá nǹkan kan níbẹ̀. Nọ́ńbà yìí wúwo púpọ̀ nínú ìpinnu dókítà.

Ìkẹta ni etí ẹran tí wọ́n gé. Bí jẹjẹrẹ bá dé etí rẹ̀ gan-an, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ṣẹ́kù sínú ọyàn, wọ́n sì lè ní kí ẹ padà wá kí wọ́n tún un gé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n parí rẹ̀ kí ìtọ́jú tó kù tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin ni gírédì, láti 1 dé 3. Ó ń sọ bí ìrísí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe yàtọ̀ sí ti ara tó dá ṣáṣá, àti bí ó ṣe ń yára pọ̀ sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já ara wọn láyà lásán: gírédì 3 kì í ṣe ìpele kẹta àìsàn. Kókó kékeré tí kò tíì kúrò nínú ọyàn lè jẹ́ gírédì 3.

Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ìyẹn àmì mẹ́ta kan: ER, PR àti HER2. Bí wọ́n bá kọ pé ER tàbí PR wà, họ́mónù obìnrin ló ń bọ́ kókó náà dàgbà. HER2 ní tirẹ̀ jẹ́ pùrótéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì tí ń tì í pé kó máa pọ̀ sí i. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́: 0 tàbí 1+ túmọ̀ sí pé kò pọ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní HER2 tó wà, 3+ túmọ̀ sí pé ó wà. Ẹ ṣọ́ra fún 2+. Kò sí lápá ibí, kò sí lápá ọ̀hún. Àyẹ̀wò mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí wọ́n tó mọ̀ dájú. Bí ẹ bá rí 2+ tí ẹ kò sì rí àbájáde àyẹ̀wò kejì, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ béèrè èyí tó kàn yín, àti bí wọ́n ṣe máa tò ó

Ìtọ́jú mẹ́rin ló sábà máa ń tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ: kímò, ìtànṣán, oògùn tó ń gbógun ti HER2, àti oògùn họ́mónù. Ẹlòmíràn á gba ẹyọ kan péré, ẹlòmíràn á gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ER tàbí PR bá wà, oògùn họ́mónù fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Bí HER2 bá wà, oògùn rẹ̀ á wọlé. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, èyí tí wọ́n ń pè ní triple negative, oògùn họ́mónù kò lè ṣe é ní nǹkan kan, kímò sì ni wọ́n máa ń gbójú lé jù.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kàn yín, kímò ló sábà máa ń ṣáájú, kí ìtànṣán tó tẹ̀ lé e, kí oògùn họ́mónù sì wá gbẹ̀yìn. Oògùn HER2 máa ń bá apá kan nínú kímò rìn, kò sì ní dúró nígbà tí ìtànṣán bá ń lọ lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí: “Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí tiwọn rí bíi tèmi, mélòó ni kímò yìí máa ràn lọ́wọ́ ju oògùn họ́mónù nìkan lọ?” Ìdáhùn náà lè jẹ́ ẹyọ méjì, ó sì lè jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpinnu yín á sì yàtọ̀. Fún kókó tí họ́mónù ń bọ́ tí HER2 kò sì sí, àyẹ̀wò kan wà tó ń wo jíìnì 21 nínú ẹran tí wọ́n gé, tí wọ́n ń pè ní Oncotype DX. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún, tí jẹjẹrẹ kò dé abíyá rẹ̀, tí máàkì rẹ̀ kò sì ju 25 lọ, kò rí èrè gidi kan nínú fífi kímò kún oògùn họ́mónù. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kímò lè ba ẹyin jẹ́. Wọ́n lè yọ ẹyin pa mọ́ sínú yìnyín ṣáájú. Ẹ má dúró de dókítà kó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbàgbé.

Bí ẹ bá ti gba kímò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ìwé àyẹ̀wò yín á sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì kankan ṣẹ́kù. Bó bá ṣẹ́kù, oògùn yín á yí padà: fún HER2, wọ́n sábà máa ń lo T-DM1, fún triple negative, wọ́n lè fi oògùn oníhóró tó ń jẹ́ capecitabine kún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kímò

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná. Kò dáa kí ó kọjá oṣù mẹ́ta. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí fún wákàtí mélòó kan, ẹ ó sì padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ẹ ó tún lọ, títí yóò fi pé ìgbà mẹ́rin sí mẹ́jọ. Gbogbo rẹ̀ lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ wo eyín tó ń dùn yín. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ẹ bá mọ̀ pé irun yín máa já, ẹ lè gé e mọ́lẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ obìnrin sọ pé èyí tí àwọn fọwọ́ ara àwọn gé kò dùn wọ́n tó èyí tó ń já bọ́ sórí ìrọ̀rí. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó sì máa ń hù padà.

Èébì tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kò rí bí ó ṣe rí láyé àtijọ́ mọ́, nítorí oògùn tó ń dá a dúró wà. Àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń dúró kí inú máa rú kí wọ́n tó lò ó. Ẹ lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún yín, kódà bí ara bá le. Oògùn pupa kan wà tó ń jẹ́ doxorubicin, ó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, ẹ má bẹ̀rù. Paclitaxel ní tirẹ̀ lè mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ta yín bí abẹ́rẹ́ tàbí kí ó kú tipiri. Ẹ sọ fún dókítà ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá pẹ́ ó lè má lọ tán.

Ohun tó wà níbí tó lè pa ènìyàn ni ibà. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ara jagun máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Àrùn kékeré tí kò jẹ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lè di ńlá láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ara yín bá gbóná dé 38 lórí tẹmómítà, tàbí tí òtútù bá ń mú yín tí ara ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn ló kàn, ìbáà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ má kọ́kọ́ lo parasitamọ́ọ̀lù láti fi bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ wá sùn mọ́jú. Ẹ sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé yín ní ẹnu ọ̀nà pé, “Mo wà lórí kímò, ibà sì ń ṣe mí,” kí wọ́n má bàa ní kí ẹ jókòó sórí ìlà.

Ní ti ewé àti egbò, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni ara fi ń tú ọ̀pọ̀ oògùn kímò palẹ̀, ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń tú àgúnmu palẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, oògùn lè lágbára ju bó ṣe yẹ tàbí kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá ń lò, ẹ sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìtànṣán

Bó bá jẹ́ kókó nìkan ni wọ́n gé tí wọ́n fi ọyàn sílẹ̀, ìtànṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tẹ̀ lé e nígbà gbogbo. Ìyàtọ̀ wà fún àwọn àgbàlagbà kan tí kókó tiwọn kéré, tí họ́mónù ń bọ́ ọ, tí wọ́n sì ṣe tán láti lo oògùn họ́mónù. Wọ́n lè fò ó. Bó bá jẹ́ gbogbo ọyàn ni wọ́n gé, wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn rẹ̀ bí kókó náà bá ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, bí kókó abíyá tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ bá tó mẹ́rin, tàbí bí etí ẹran kò bá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan sí mẹ́ta ní abíyá, kí ẹ̀yin àti dókítà jọ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò ní tan nǹkan kan sí yín lára. Wọ́n á wọn ibi tí ìtànṣán máa bà, wọ́n á sì fi àwọn àmì tínńtín sí ara yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ó máa lọ lójoojúmọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù báyìí. Ibòmíràn ṣì ń lo márùn-ún, ibòmíràn sì ti ń fi ìgbà márùn-ún péré láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣe é fún àwọn tó bá yẹ. Kì í dunni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò eegun. Bó bá jẹ́ ọyàn òsì, wọ́n lè ní kí ẹ fa èémí sínú kí ẹ sì dá a dúró, kí ọkàn lè sún kúrò lójú ọ̀nà ìtànṣán.

Ìtànṣán náà kì í bá yín wálé. Ẹ lè gbé ọmọ, ẹ lè sùn ti ọkọ yín.

Awọ ara á dúdú, ó lè pọ́n tàbí kó bó, àárẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i bó bá ti ń sún mọ́ òpin. Ẹ má fi ohun olóòórùn dídùn pa á lára láìbéèrè, ẹ má sì wọ kọ́mú oníwáyà. Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ènìyàn tó: ẹ gbọ́dọ̀ lè gbé apá sókè sórí kí ẹ sì fi í síbẹ̀ láìmira nígbà ìtànṣán. Ẹni tí èjìká rẹ̀ ti gan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò ní lè ṣe é. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa di ẹ̀ṣẹ́ kí ẹ sì máa tú u, kí ẹ máa fi ọwọ́ náà ya irun. Bí wọ́n bá ti yọ rọ́bà, ẹ máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀, kí ti òní ga ju ti àná lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí HER2 bá wà

Trastuzumab lórúkọ oògùn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fún ni, fún ọdún kan. Òun fúnra rẹ̀ kì í já irun. Ó lè dín agbára ọkàn kù díẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọkàn yín wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa tún un wò ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí èémí bá ń gé tàbí tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń wú, ẹ sọ ọ́ kíá. Bó bá jẹ́ oògùn ló fà á, ó sábà máa ń padà sípò tí wọ́n bá dá oògùn dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oògùn họ́mónù, èyí tó gùn jù

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Kímò ní ariwo, gbogbo ẹbí ló ń bá yín lọ. Oògùn họ́mónù kò ní ariwo. Hóró kékeré kan lójoojúmọ́ ni, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ̀ bí ẹ bá fò ó. Bẹ́ẹ̀ sì ni fún kókó tí họ́mónù ń bọ́, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ẹni tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ sábà máa ń lo tamoxifen, mìlígíráàmù 20 lójúmọ́. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró lè lo anastrozole, letrozole tàbí exemestane. Àwọn mẹ́ta yìí kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ilé ẹyin rẹ̀ ṣì ń ṣe họ́mónù, àfi bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ mú ilé ẹyin náà sùn. Nítorí náà, bí kímò bá dá nǹkan oṣù yín dúró, ẹ má gbà pé ó ti lọ pátápátá. Ó lè padà wá. Ọdún márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ máa ń gbà ó kéré tán. Ìwádìí ńlá kan lọ́dún 2013 fi hàn pé lílo tamoxifen dé ọdún mẹ́wàá dín ìpadàbọ̀ àìsàn kù sí i ju márùn-ún lọ, nítorí náà wọ́n lè bá yín sọ̀rọ̀ nípa èyí bí ewu yín bá ga.

Tamoxifen máa ń mú ooru dédé bo ènìyàn lóru. Ó lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń dunni, tàbí tí àyà bá dédé ń fún yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Fún ẹni tó ti fi nǹkan oṣù sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ èyíkéyìí láti ojú ara gbọ́dọ̀ di àyẹ̀wò ilé ọmọ. Tamoxifen kò gbọ́dọ̀ pàdé oyún. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí kò ní họ́mónù nínú ni kí ẹ lò. Àwọn oògùn ìdààmú ọkàn kan, bíi paroxetine àti fluoxetine, máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi gbogbo oògùn yín han dókítà.

Anastrozole, letrozole àti exemestane ní tiwọn ń mú oríkèé ro, wọ́n sì ń jẹ eegun. Wọ́n á wọn bí eegun yín ṣe le tó, wọ́n sì lè fún yín ní kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D. Ìrora oríkèé máa ń rọlẹ̀ bí ènìyàn bá ń rìn déédéé, bí ó tilẹ̀ dà bíi pé ìsinmi ló yẹ.

Bí ara kò bá gbà á, ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dá a dúró. Ẹ padà lọ, kí ẹ sọ pé, “Oògùn yìí ń dà mí láàmú.” Wọ́n lè yí i sí òmíràn, wọ́n lè ní kí ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì kó tó rí èyí tó bá a lára mu. Fún ẹni tó ń wá ọmọ náà, ọ̀nà wà láti dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀, kí wọ́n sì padà sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣètò rẹ̀.

Bí kókó abíyá tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ bá pọ̀ tàbí tí kókó ọyàn náà tóbi, wọ́n lè fi oògùn abemaciclib fún ọdún méjì tàbí ribociclib fún ọdún mẹ́ta kún un. Ẹni tó bá jogún àbùkù jíìnì BRCA lè gba olaparib.

Bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń ka èyí, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn ń ṣe ọkùnrin náà, tamoxifen ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ìgbésẹ̀ keje: Apá, kọ́mú àti àbójútó

Bí wọ́n bá yọ kókó abíyá, apá yẹn lè wú, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan pàápàá. Òrùka tó dédé ń fún ìka, tàbí apá tó ń wúwo, ni àmì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá tètè sọ ọ́, wọ́n á fi aṣọ tó ń fún apá àti ìwọ́ra sí i. Ẹni tí wọ́n yọ ẹyọ kan tàbí méjì lára rẹ̀, ewu tirẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé nǹkan nínú ọgbà. Bí apá bá pọ́n tó sì gbóná, ó ti di àrùn, ẹ gbọ́dọ̀ gba oògùn lọ́jọ́ náà gan-an. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí ènìyàn má gbé nǹkan wúwo mọ́ láéláé. Ìwádìí ti fi hàn pé gbígbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un, kì í ba apá jẹ́.

Ọmú àtọwọ́dá tó fúyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò nínú kọ́mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ẹ lè gba èyí tó wúwo bí ọmú gidi. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tún ọyàn ṣe, ẹ sọ ọ́ kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtànṣán lè bá ọyàn oníke jà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dókítà á máa rí yín ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò máa jìnnà síra. Fọ́tò ọyàn, ìyẹn mamogíráàmù, á máa wáyé lọ́dọọdún fún ọyàn tó bá ṣẹ́kù. Bí ara bá le, kò sí ìdí láti máa wọ ẹ̀rọ tó ń ya gbogbo ara kiri. Láàárín àkókò yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín bí ẹ bá rí kókó tuntun lójú àpá, ní abíyá tàbí ní ọrùn, tàbí bí eegun kan bá ń dunni ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ikọ́ kò lọ, tí orí ń fọ́ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ojú bá ń pọ́n bí ìyeyè.

Bí ẹ bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà tuntun, ìwé àyẹ̀wò ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ nà sí i. Bí ọdún mẹ́wàá ti kọjá pàápàá, ER, PR àti HER2 ni yóò kọ́kọ́ béèrè.